"Ọkọ Mi Ló Ń Gún Mi Lábẹ́rẹ́": Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Kan Tí Mo Ṣe Lẹ́ẹ̀mẹta

Ìwé pélébé kan ló mú Màmá dé ọ̀dọ̀ mi. Dókítà ló kọ ọ́, kò ju ìlà mẹ́ta lọ: obìnrin, nǹkan bí ẹni 70 ọdún, ó ní ṣúgà, egbò wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ìgbà kejì rèé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n máa gbé e wá láìmọ ara rẹ̀. Kò lo oògùn bó ṣe yẹ. Wọ́n wá fa igi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: "Ẹ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí tonílé tàlejò ń pè ní wẹ́fíà. Iṣẹ́ wa ni láti wo ẹni tó ń ṣàìsàn tilétilé: ohun tó ń jẹ, ẹni tó ń bá gbé, ohun tó ń bà á lẹ́rù, owó tó ń wọlé fún un. Ká má parọ́ ṣá, ẹni tí kò rówó san àti ẹni tí ẹbí pa tì ni wọ́n sábà máa ń pè wá sí. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá Màmá mọ̀. Mi ò yí àṣìṣe tèmi padà.

Ọjọ́rú ni mo kọ́kọ́ jókòó tì í, nígbà tí ojú rẹ̀ ti là dáadáa. Mo mú fọ́ọ̀mù wa lọ́wọ́, olójú-ewé mẹ́rin. Ẹlẹ́kọ ni Màmá, ó ti ń ta á láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ìyàwó, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí a fi dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ní kí n béèrè iye ọmọ.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ọmọ mi, ta ló ń ka ọmọ?"

Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, mo kọjá síwájú. "Ta ló ń tọ́jú yín nílé?"

"Ọkọ mi ni."

"Abẹ́rẹ́ ṣúgà yín ńkọ́, mà?"

"Ọkọ mi náà ni. Ọkọ mi ló ń gún mi lábẹ́rẹ́, òun ló ń pọnmi, òun ló ń bá mi fọ egbò. Ọlọ́run á dá a sí fún mi."

Orí mi wú. Mo ní bàbá rere nìyí, ó mà ṣọ̀wọ́n o. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ wà láàyè, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ wà nílé. Ọ̀rọ̀ omi pípọn yẹn nìkan tó láti ta mí lólobó. Obìnrin tó ń lọ sí 70 ọdún, mélòó ni ọkọ rẹ̀ á wá jẹ́, tí á ṣì máa ru kẹ́ẹ̀gì omi? Àmọ́ àpótí kékeré kan wà lórí fọ́ọ̀mù tó ń dúró de ìdáhùn, mo sì ti rí ohun tí mo máa kọ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, obìnrin kan dé láti Èkó, ó sanwó gbogbo ohun tí wọ́n ní kó san, ó ń pe aláìsàn wa ní "màmá mi". Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tó bí. Mo fún un ní ẹ̀kọ́ lórí ínsúlínì, abẹ́rẹ́ ṣúgà Màmá, níbi tó dúró sí, ó ń mi orí, ó ń wo aago. Kò tíì rí sírínjì Màmá rí láyé rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti bá ẹbí sọ̀rọ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n tún gbé e dé. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 38 mg/dl. Bó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ewu ti dé nìyẹn. Ní 38, èèyàn lè lọ láìpadà. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló bá mi ní kọ́rídọ̀ láàárọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin àti dókítà ń sọ pé ìyá yìí kì í lo oògùn. Ẹni tí kì í lo ínsúlínì, ṣé ṣúgà rẹ̀ á já ni àbí á gòkè?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣúgà ni ínsúlínì ń fà wálẹ̀. Ẹni tó bá pa á tì, òkè ni ṣúgà rẹ̀ á wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Màmá dé pẹ̀lú ṣúgà tó já, ẹ̀ẹ̀mẹta náà la sì kọ ọ́ pé kì í lo oògùn. Dókítà kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́, àwa yòókù dà á kọ.

Mo gbé fáìlì náà lọ bá ọ̀gá mi. Ó kà á tán, ó fi ìka lé ibi tí mo kọ "ọkọ" sí. "Ọkọ yìí, o ti rí i rí?"

"Rárá, mà."

"Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e wá, kò wá sí wọ́ọ̀dù wá wò ó?"

Kò pọn dandan kó tún sọ ohun tó kù.

Nígbà tí Màmá padà sílé, mo lọ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí aago méje tó lù, torí abẹ́rẹ́ àárọ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá. Ọ̀kadà gbé mi dé ibi tí títì parí sí, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù láàárín ilé àti gọ́tà. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Bàbá ńkọ́, mà?"

"Bàbá wo?"

"Ọkọ yín, mà."

Ó yíjú sínú ilé, ó ké: "Ọkọ mi o! Àwọn wẹ́fíà ń béèrè rẹ!"

Ọmọdékùnrin kan yọ sí wa, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rín ara mi. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ọkọ ni gbogbo ọmọ agboolé jẹ́ fún ìyàwó ilé, àtàgbà àtèwe. Ìyá tó bí mi gan-an, ọkọ rẹ̀ ni ó ń pe ọmọkùnrin mi. Bàbá tó fẹ́ Màmá ti kú tipẹ́. Ọmọ-ọmọ àbúrò bàbá yẹn ni ọmọ yìí, bàbá tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí, ìyá rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ mìíràn. Wọ́n ní kó wá máa bá Màmá jẹ́ iṣẹ́ kéékèèké. Màmá kò parọ́ fún mi. Èdè kan náà la jọ ń sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè. Ká ní Haúsá ni Màmá, tí ògbufọ̀ jókòó sáàárín wa, mi ò bá ti béèrè ọkọ yìí lọ́nà mẹ́ta.

Rédíò yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago méje. Ọmọ náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó lọ sídìí àmù kékeré kan tí wọ́n fi àkísà tútù wé. Inú àmù yìí ni ìgò ínsúlínì wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu kí omi má baà wọ̀ ọ́. Wọn kò ní fíríìjì, iná kì í sì í dúró. Nọ́ọ̀sì ní kó wà níbi tó tutù, wọ́n wá ibi tó tutù. Kì í sì í ṣe ọgbọ́n òmùgọ̀: ìgò tí a kò tíì ṣí ló ní dandan ìtutù fíríìjì, èyí tí a ti ṣí lè lo ọjọ́ 28 níta bí ooru kò bá ti mú un jù. Ó yí ìgò náà jẹ́jẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kò mì í jìgìjìgì. (Mo mọ àgbàlagbà tó kàwé dáadáa tó ń mì ín.) Ó fa oògùn dé 18, ó gbé sírínjì sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ti atẹ́gùn jáde, ó tún wò ó. Màmá ká bùbá sókè, ó gún un níkùn. Nígbà tó ṣe tán, ó mú èédú kan lórí fèrèsé, ó fa ilà kan sára ògiri.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ògiri. Ilà ni láti òkè délẹ̀, méjì fún ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo kà á padà sẹ́yìn bí ojú mi ṣe lè ká a. Àfi àwọn ọjọ́ tí Màmá wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ọjọ́ kan tó fò. Ìwé wọ́ọ̀dù wa pàápàá ní àlàfo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ náà gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ti fẹ́ jáde.

"Níbo ló ń lọ?" ni mo bi Màmá.

"Ó ń lọ wá ohun tá a máa jẹ."

Mo jókòó, mo ń wo aago. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú ínsúlínì tí wọ́n fún un ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí èèyàn tó jẹun ni wọ́n ní kí wọ́n máa gún un, wọ́n sì ń pa òfin yẹn mọ́ bí ẹní ń kírun. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí oúnjẹ á ti wá. Ọmọ yìí á lọ sídìí bohóòlù, á máa pọnmi fáwọn èèyàn ládùúgbò, owó tí wọ́n bá fún un ni á fi ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló wọlé. Abẹ́rẹ́ ti wọlé, oúnjẹ kò tíì wọlé, ṣúgà ti ń já: òógùn ti bo Màmá níwájú orí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń tú ewé ẹ̀kọ.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó máa ń pẹ́ jù báyìí lọ. Ó ní àfi bí òjò bá rọ̀. Tójò bá rọ̀, gbogbo ilé á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta, kò sẹ́ni tó máa pè é.

"Ọjọ́ tí Màmá dákú yẹn ńkọ́?"

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Èyí tó ṣáájú ẹ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Òjò náà ló rọ̀."

Owó kọ́ ni wọn kò ní pátápátá. Obìnrin ará Èkó yẹn, ọmọ orogún Màmá tó tọ́ dàgbà, ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù nípasẹ̀ onípíósì tó wà nítòsí. Owó oògùn ni wọ́n ń pè é, oògùn náà ni wọ́n sì ń fi í rà, láìku kọ́bọ̀. Bó bá béèrè lórí fóònù pé ṣé Màmá ń jẹun, Màmá á ní òun ń jẹun. Láti ìgbà tí egbò kò ti jẹ́ kó lè dúró ti ìkòkò ẹ̀kọ mọ́ ni oúnjẹ ti dìṣòro nínú ilé náà. Ẹni tó ti bọ́ àdúgbò títí tó fi dàgbà, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ pé ebi ń pa òun.

Ibi tó yẹ kí n ti sinmi nìyẹn, kí n padà sílé, kí n ronú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dúró láàárín agboolé, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní ẹ̀ka ààbò ọmọdé. Ohùn mi kò relẹ̀. Mo ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń gún ìyá àgbà lábẹ́rẹ́, kò lọ síléèwé, a gbọ́dọ̀ mú un kúrò níbẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn mi: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, àti òfin 2004 tó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀ranyàn àti ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣòótọ́.

Ọmọ náà gbọ́. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ó ti sá kúrò nílé. Ọjọ́ méjì ni ẹnikẹ́ni kò gún Màmá lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́rú, ìgbà tí mo débẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ti ju 400 lọ, egbò náà ti ń rùn, kò sì dá ìkíni mi lóhùn. Ìyàwó ilé kan ló dá mi lóhùn: "Ẹ ti lé ọkọ rẹ̀ lọ."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lára mi. Àyẹ̀wò kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo ti débẹ̀, mo ti fojú rí i, ewu nìkan ni mo sì ń kà. Mi ò béèrè ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún ọmọ tí kò ní bàbá, tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, tí ẹnì kan ń pè ní ọkọ òun. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó kàn béèrè ẹni tó jẹ́ oníbàárà mi. Mo ní Màmá ni. Ó ní, "Lọ tún un kà." Àwọn méjì ni wọ́n, mo sì ti fẹ́ fi ọ̀kan pa èkejì.

Onímọ́ínmọ́ín orí kọ́nà ló mọ ibi tí ọmọ náà wà. Ìsọ̀ rẹ̀ ló ń sùn. Obìnrin yìí kò sí nínú ìwé mi níbì kankan.

Àyẹ̀wò kẹta, mi ò mú fọ́ọ̀mù dání. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé ara, ọkàn àti àwùjọ la gbọ́dọ̀ wò pọ̀, bí George Engel, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ti là á sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní 1977. Mo gba máàkì tó dáa lórí rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ wa ní àwòrán ecomap, èyí tí Ann Hartman, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1978: a fi ẹni náà sáàárín òbìrí, a fa ìlà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni àti ohun tó yí i ká. Màmá kì í kọ̀wé. Mo ní kí wọ́n gbé àtẹ wá, kí wọ́n bù ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo kan sí i. Ẹlẹ́kọ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ àgbàdo. Màmá wà níbẹ̀, ọmọ náà, onímọ́ínmọ́ín, ìyàwó ilé tó dá mi lóhùn, ọmọ orogún sì wà lórí fóònù pẹ̀lú ohùn síta. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo wọn, mo sì sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa mú un lọ láìjẹ́ pé a jọ sọ ọ́. Ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní kí Màmá fi ẹyọ kan dúró fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo béèrè ìbéèrè kan tí mi ò rí lórí fọ́ọ̀mù kankan: "Bí ilẹ̀kùn yín kò bá ṣí láàárọ̀, mà, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀?"

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Onímọ́ínmọ́ín. Ó kọjá ní iwájú ilé yìí lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Màmá fi ẹyọ onímọ́ínmọ́ín sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Èkó wà lókèèrè díẹ̀, mọ́gàjí agboolé wà léteetí, ilé ìwòsàn wa wà létí pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tó kan ọmọ náà, kò fi ẹyọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e lé orí tirẹ̀ gan-an, ó yẹ̀, ó tún gbé e padà.

Mo ní kí ọmọ náà to tirẹ̀. Ó to Màmá, ó to onímọ́ínmọ́ín. Ó wá mú ẹyọ kan lọ sí igun àtẹ, ó fi í síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

"Ta nìyẹn?"

"Tíṣà mi ni."

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà yí ìlànà padà: kí wọ́n má fa oògùn rárá títí oúnjẹ á fi wà lójú. Ọmọ Èkó gbà láti máa san owó oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún onímọ́ínmọ́ín, kó máa gbé e wọlé kí aago méje tó lù. Màmá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní jókòó jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ olóúnjẹ. Onímọ́ínmọ́ín ló yanjú èyí, kì í ṣe èmi: ó ní kí Màmá máa bá òun ṣa ẹ̀wà níbi tó jókòó sí, kó máa bá òun nu ewé. Màmá ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà wá. Ìyàwó ilé gbà láti máa gún abẹ́rẹ́ àárọ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á ju Màmá lọ, ọmọ náà ló kọ́ ọ, nọ́ọ̀sì wa ń wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka ààbò ọmọdé kò ti fáìlì ọmọ náà pa, ó ń yà síbẹ̀ lóòrèkóòrè, ìdílé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, hẹ́dímásítà gbà á padà sí kíláàsì kẹrin.

Oṣù méje ti kọjá. Wọn kò tíì gbé Màmá wá láìmọ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ṣì wà. Abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí ìyàwó ilé rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà pa iléèwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni méjì ló yẹ kó mọ abẹ́rẹ́ àárọ̀ gún, à ṣì ń wá ẹnì kejì.

Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbọ́ ọkọ, ìyàwó, ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu àgbàlagbà, kí wọ́n béèrè ọjọ́ orí ẹni náà àti ibi tó sùn lánàá. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ fún ọlọ́mọ mọ́; ẹni tó wà nílé nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo ní kí wọ́n béèrè. Bí ìwé bá sọ pé aláìsàn kò tẹ̀lé ìlànà, mo ní kí wọ́n wá ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, kí wọ́n wo ohun tó rí kó tó kọ ọ́. Àbẹ̀wò ilé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sán, nígbà tí ilé ti gbálẹ̀ tán de àlejò. Wákàtí tí ìṣòro ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí wọ́n débẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe ìpè kankan nínú agboolé oníbàárà.

Fọ́ọ̀mù wa tán lóṣù tó kọjá, wọ́n tẹ òmíràn. Ojú-ewé mẹ́rin náà ni. "Iye ọmọ" ṣì wà ní ìlà kẹfà. Etí ìwé ni mo ń kọ tèmi sí.